Etí yọ dáadáa, àmọ́ ojú nǹkan ò kún: kí ló bàjẹ́ nínú àwòṣe kọ́tẹ̀sì ìríran yìí?

ÌlàTóGùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àwòṣe tí mò ń kọ ní apá méjì. Apá kìíní ń wá etí nǹkan bí àwọn sẹ́ẹ̀lì V1 (apá èèpo ọpọlọ, ìyẹn kọ́tẹ̀sì, tó kọ́kọ́ ń gba ohun tí ojú rí) ṣe ń wá a. Apá kejì ń tan ìmọ́lẹ̀ ká ojú nǹkan títí yóò fi kan etí tó yí i ká. Àwòrán ìdánwò jẹ́ píksẹ̀lì 256 × 256: onígun mẹ́rin kan tó mọ́lẹ̀, tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó píksẹ̀lì 120. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣókùnkùn jù ú lọ.

Fún etí, asẹ́ Gabor (ìgbì tí òkè Gaussian bò) ni mo lò, láti inú getGaborKernel ti OpenCV, àkójọ kóòdù fún àwòrán: kẹ́nẹ́ẹ̀lì (àtẹ iye asẹ́) 21 × 21, λ (gígùn ìgbì) = 8, σ (fífẹ̀ Gaussian) = 4.48, γ (ìwọ̀n ìbú sí gígùn) = 0.5, igun 8 láti 0° dé 157.5°. Asẹ́ méjì ló wà fún igun kọ̀ọ̀kan. Mi ò kọ ψ (ibi tí ìgbì ti bẹ̀rẹ̀) fún ti àkọ́kọ́, mo kọ π/2 fún ìkejì, mo sì ṣe E = √(a² + b²), níbi tí a àti b jẹ́ ìdáhùn asẹ́ méjèèjì. Mo sọ E di 0 sí 1, òun ni mo ń pè ní B, ìyẹn odi.

Fún ojú nǹkan, asẹ́ DoG (Gaussian σ = 1, tí mo yọ ti σ = 3 kúrò nínú rẹ̀) ló ń fún mi ní F, ìmọ́lẹ̀ tí mo fẹ́ tàn ká. Lẹ́yìn náà ni ìtànká:

dS/dt = −A·S + Σ P·(S aládùúgbò − S) + F

P = 1/(1 + ε·B), A = 0.01, ε = 100, dt = 0.25, ìgbésẹ̀ 500. S ni ìmọ́lẹ̀ píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, A ni bó ṣe ń yára kú, P ni bó ṣe rọrùn tó láti kọjá sí aládùúgbò, ε ni agbára odi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Inú onígun mẹ́rin náà ò kún. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan wà lẹ́bàá etí, àárín sì rí bákan náà pẹ̀lú ilẹ̀ ẹ̀yìn. Mo gbé ìgbésẹ̀ dé 5,000, ni gbogbo àwòrán bá di dúdú-funfun-dúdú-funfun bíi pátákó ṣẹ́ẹ̀sì. Ìlà tó fẹ̀ ní píksẹ̀lì 2 ń yọ bí ìlà méjì. Etí tó bá dagun sí àárín igun asẹ́ méjì ń rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Tí mo bá sì fún un ní àwòrán koríko, gbogbo rẹ̀ á tàn látòkè délẹ̀, bí ẹni pé ewé kọ̀ọ̀kan ni ààlà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

OnígunMéjìlá

Ẹ jẹ́ ká ti ibi asẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí odi tí kò dúró ire ò lè gba ohunkóhun dúró.

Ìlà kan tó ń di méjì: ψ ló fà á. Tí ẹ ò bá kọ ψ, OpenCV á fi π/2 síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé asẹ́ méjèèjì yín jẹ́ ọ̀kan náà, èyí tí ìhà kan rẹ̀ ń fi kún, tí ìhà kejì ń yọ kúrò. Irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dáhùn sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yí padà, ìlà tín-ín-rín sì ní ibi méjì bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àárín ìlà gan-an á jẹ́ òdo. Ẹ kọ ψ = 0 fún ti àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn ni a² + b² yóò tó di agbára tí Adelson àti Bergen lò nínú àwòṣe ìrìn wọn ní 1985: ìdáhùn tí ìlà àti etí jẹ́ ọ̀kan lójú rẹ̀, tí kò sì bìkítà bóyá dúdú ló ṣáájú funfun tàbí funfun ló ṣáájú dúdú. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì alákòópọ̀ tí Hubel àti Wiesel ṣàpèjúwe nínú ọpọlọ ológbò ní 1962 ṣe ń ṣe nìyẹn. Asẹ́ kan ṣoṣo dúró fún sẹ́ẹ̀lì onírọ̀rùn. Àpapọ̀ méjèèjì ló dúró fún alákòópọ̀.

Kẹ́nẹ́ẹ̀lì 21 × 21 kéré ju. σ = 4.48 jẹ́ ìwọ̀n ìbú asẹ́ náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ σ/γ, ìyẹn 8.96. Láti àárín kẹ́nẹ́ẹ̀lì yín dé etí rẹ̀ jẹ́ píksẹ̀lì 10, ẹ̀yin sì nílò ó kéré tán ìlọ́po 3 ti 8.96, tó jẹ́ bíi 27. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì 55 × 55 ló yẹ. (Tí ẹ bá kọ (0, 0) sí ààyè ìwọ̀n, OpenCV á fi ìlọ́po 3 σ ṣírò rẹ̀ fún igun kọ̀ọ̀kan.) Bó ṣe wà yìí, ẹ ti gé asẹ́ náà bí ẹni fi àdá gé igi. Orí àti ìdí rẹ̀ ò rọra tán, àròpọ̀ iye inú rẹ̀ ò sì sún mọ́ òdo mọ́. Nítorí náà, ibi tí kò ní etí rárá, tó kàn mọ́lẹ̀ lásán, á máa fún yín ní ìdáhùn.

Pàápàá nígbà tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì bá tóbi tó, asẹ́ ψ = 0 ṣì ní ìyókù díẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má yọ iye kan náà kúrò lára gbogbo píksẹ̀lì, nítorí ìyẹn á fi àtẹ̀gùn kékeré sí etí kẹ́nẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yà Gaussian tó bo asẹ́ náà ni kí ẹ fi iye kan sọ di púpọ̀, kí ẹ wá yọ èyí kúrò, títí àròpọ̀ yóò fi jẹ́ òdo.

Nípa igun, ohun kan wà níbẹ̀ tó lè tàn yín jẹ. Asẹ́ tó ní σ = 0.56λ àti γ = 0.5 ṣe ṣókí sí igun: ìdáhùn rẹ̀ sí ìlà gbọọrọ onígbì ń lọ sílẹ̀ bíi Gaussian tí σ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 8°. Pẹ̀lú igun 8, àlàfo láàárín wọn jẹ́ 22.5°, tí etí bá sì bọ́ sí àárín gbùngbùn, ó jìnnà sí asẹ́ tó sún mọ́ ọn jù lọ ní 11.25°. Ìdáhùn á lọ sílẹ̀ dé bíi 0.38. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì tí ẹ gé kúrú ti mú kí asẹ́ fẹ̀ ní igun ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló ń bo àléébù yìí mọ́lẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá tún kẹ́nẹ́ẹ̀lì ṣe láìfi igun kún un, etí tó dagun á túbọ̀ rẹ̀. Igun 12 ń gbé iye tó kéré jù dé bíi 0.65, igun 16 dé bíi 0.79. Èmi ò ní lo ohun tó kéré sí 12. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gbé γ sókè sí 0.8 tàbí 1, kí asẹ́ kúrú, kó sì fara da igun. Èyí ò lòdì sí ohun tó wà nínú ọpọlọ: Jones àti Palmer fi hàn ní 1987 pé Gabor bá sẹ́ẹ̀lì onírọ̀rùn ti ológbò mu, àmọ́ èyí tí Ringach wọ̀n nínú ọ̀bọ, tó tẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ni kò gùn bẹ́ẹ̀, tí ìlà inú rẹ̀ ò sì ju méjì mẹ́ta lọ.

Ohun kékeré mẹ́ta tó kù. Ẹ sọ àwòrán di float32 kí ẹ tó lo filter2D, torí tó bá jẹ́ uint8, tí ẹ sì kọ −1 sí ibi ddepth, gbogbo ìdáhùn òdì á di 0, èyí tó bá ju 255 á dúró sí 255. Ẹ yí àwòrán sRGB padà sí ìmọ́lẹ̀ títọ́ (níbi tí iye píksẹ̀lì ń bá ìmọ́lẹ̀ gidi pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà) kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣe pé fftconvolve ti SciPy lẹ ń lò pẹ̀lú mode='same', ẹ fi àwòrán náà tí a yí padà bí inú dígí kún ìta rẹ̀ fúnra yín, nítorí òdo ni òun ń fi síbẹ̀, òdo yẹn á sì di etí ńlá yí gbogbo àwòrán ká.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ ṣe ìdánwò méjì: àwòrán aláwọ̀ kan ṣoṣo (E gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo níbi gbogbo), àti ìlà onígbì λ = 8 tí ẹ ń yí ní 1° sí 1° láti 0° dé 179°. Ẹ ya iye E tó ga jù ní igun kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti kòtò ni àlàfo asẹ́ yín wà.

Ìṣẹ́tíV2

Ọ̀gá wa ti tún asẹ́ ṣe. Èmi á mú ti ojú nǹkan, ibẹ̀ sì ni ìdí tí inú onígun mẹ́rin yín ò fi kún.

Èyí tó burú jù lọ: odi yín nípọn débi pé ó gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ẹ fi ojú ara yín wò ó. Ẹ gé ìlà kan gba àárín àwòrán kọjá, kí ẹ ya B àti F sórí àwòrán atọ́ka kan náà. B tó wá láti asẹ́ σ = 4.48 yóò rí bí òkè kan tí fífẹ̀ rẹ̀ ní ìdajì gíga jẹ́ bíi 2.355 × 4.48, ìyẹn píksẹ̀lì 10.5: márùn-ún ní ìhà ọ̀tún etí, márùn-ún ní ìhà òsì. F ńkọ́? Fún σ 1 àti 3, ibi tó ti ga jù lọ jìnnà sí etí ní píksẹ̀lì 1.6 péré. Ó wà nínú odi! Níbẹ̀, P ò ju bí ìdá kan nínú àádọ́ta lọ, kò sí ibi tí F fẹ́ gbà jáde. Nígbà tí ẹ bá fi dé píksẹ̀lì 5, tí odi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, F ti lọ sílẹ̀ di ìdá kan nínú márùn-ún ti gíga rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tí ẹ rí lẹ́bàá etí ni F tí odi há mọ́.

Odi gbọ́dọ̀ tinrin ju àyè tó wà láàárín etí àti òkè F lọ. Ohun tó so apá méjèèjì pọ̀ nìyí, ọ̀pọ̀ kóòdù tí ń kọ etí dáadáa sì ń ṣubú síbẹ̀, nítorí àwòrán etí tó nípọn ṣì máa ń dára lójú. Ẹ lo asẹ́ kékeré fún odi, λ = 4. Lẹ́yìn náà, ní píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ẹ wo igun tó borí, kí ẹ fi E ibẹ̀ wé ti aládùúgbò méjì tó dábùú etí náà. Tí kò bá ju méjèèjì lọ, ẹ sọ ọ́ di òdo. Odi á wá ku píksẹ̀lì kan. Ẹ ṣọ́ra fún igun: θ inú OpenCV ni ìhà tó dábùú ìlà asẹ́ náà, kì í ṣe ìhà tí ìlà ń gbà lọ, torí náà θ = 0 ń rí etí tó dúró lóòró. Ẹni tó bá ṣì í mú á máa wo aládùúgbò tó wà lórí etí náà fúnra rẹ̀, odi á sì já sí wẹ́wẹ́.

Aládùúgbò mẹ́rin ni kí ìtànká máa lò: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Odi tó dagun, tí píksẹ̀lì rẹ̀ fi igun kan ara wọn, ń dí aládùúgbò mẹ́rin. Tí ẹ bá fi mẹ́jọ ṣe é, ìmọ́lẹ̀ á yọ́ gba igun kọjá.

A = 0.01 wá ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ ò lè rìn jìnnà ju √(P/A) lọ kó tó kú dànù. Pẹ̀lú P = 1, ìyẹn jẹ́ píksẹ̀lì 10. Láti etí dé àárín onígun mẹ́rin yín jẹ́ 60. Ohun tó máa dé àárín ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ báà fún un ní ìgbésẹ̀ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Ẹ gbé A wá sí 0.00001, ọ̀nà tó lè rìn á di bíi 316.

Ẹ wo ε náà. Ní ibi tí B = 1, P jẹ́ 1/101. Ó kéré lójú, àmọ́ odi yín gùn tó píksẹ̀lì 480. 480 ÷ 101 jẹ́ 4.75, ó dà bí ìgbà tí odi tó le koko bá ní ihò tó fẹ̀ tó píksẹ̀lì 5. Ilé tó ń jò bẹ́ẹ̀ ò lè gba omi dúró. Ẹ lo ε = 100,000.

Pátákó ṣẹ́ẹ̀sì yẹn ò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ìríran, ìṣirò ló wó. Ìgbésẹ̀ tààrà ń dúró déédéé nígbà tí dt × (A + 8P) kò bá tó 2. Tiyín jẹ́ 0.25 × 8.01 = 2.0025. Ó fi díẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ 500 ò fi hàn án, tí 5,000 sì tú u síta. dt = 0.2 á dá a dúró.

Síbẹ̀, mo rọ̀ yín, ẹ fi ìgbésẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ìgbà tí ìtànká ń gbà ń pọ̀ sí i bíi fífẹ̀ tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀: ojú tó fẹ̀ ní píksẹ̀lì 100 ń gba bíi 5,000 ìgbésẹ̀ kí àṣìṣe rẹ̀ tó dín sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta. Ibi tí gbogbo rẹ̀ máa dúró sí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni ẹ nílò, ìyẹn sì jẹ́ ìdọ́gba títọ́: (A + L)·S = F, níbi tí L jẹ́ mátíríìsì tí a fi P kọ. Fún 256 × 256, ohun àìmọ̀ 65,536 ni, ìlà mátíríìsì kọ̀ọ̀kan ò sì ní ju iye márùn-ún lọ. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú scipy.sparse, kí ẹ pe spsolve, tó ń yanjú ìdọ́gba náà lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú ε ńlá, cg (ọ̀nà tó ń sún mọ́ ìdáhùn díẹ̀díẹ̀) lásán á fà gan-an. Tó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́, ẹ fún un ní olùrànlọ́wọ́ tí a ṣe láti inú àwọn iye tó wà lórí dáyágónà.

ÌlàTóGùn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Igun 12, kẹ́nẹ́ẹ̀lì tó tóbi tó, odi píksẹ̀lì kan, A = 0.00001, ε = 100,000, spsolve. Inú onígun mẹ́rin ti kún, ó sì dọ́gba. Ìlà tín-ín-rín ti padà di ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n mo fi onígun mẹ́rin kejì sí i, tí ìhà rẹ̀ jẹ́ 30, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Kékeré yẹn jáde pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti ńlá lọ. Koríko náà ò tíì yí padà. Tí mo bá sì gbé ìwọ̀n ìgékúrò (iye tí E tó bá kéré sí i ń di òdo) sókè kí koríko lè dín kù, odi onígun mẹ́rin á ní ihò, ìmọ́lẹ̀ á jò síta.

AládùúgbòMẹ́rin

Ẹ jọ̀ọ́, Ìṣẹ́tíV2, ẹ jẹ́ kí n tún apá kan ohun tí ẹ sọ ṣe. A kékeré yẹn ló bí èyí. Nígbà tí A kéré, tí odi ò sì jò, gbogbo F tó wọ inú ojú nǹkan kan ló gbọ́dọ̀ gba ẹnu A jáde. Gíga tí ìmọ́lẹ̀ máa dúró sí á wá bá gígùn odi pín sí fífẹ̀ ilẹ̀ mu: fún 120 jẹ́ 480/14,400, fún 30 jẹ́ 120/900. Ẹ fi èkejì wé èkíní, ìlọ́po mẹ́rin gééré ni. Ojú wa kì í rí i bẹ́ẹ̀.

Ohun tó gbà wá níbẹ̀ ni ìkúnlẹ̀ (kíkún ojú nǹkan láti etí wọnú) tó dá lórí ìdánilójú, tí Neumann, Pessoa àti Hansen gbé jáde ní 2001. Ẹ yọ A kúrò. Ẹ fi C sí ipò rẹ̀, ìyẹn bí píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣe dá wa lójú tó:

dS/dt = C·(F − S) + Σ P·(S aládùúgbò − S)

C ga ní ibi tí DoG ti dáhùn gidi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo láàárín. Ẹ lè fi |F| fúnra rẹ̀ ṣe C, kí ẹ fi 0.000001 kún un níbi gbogbo kí mátíríìsì má bàa di aláìnídàáhùn. Nísinsìnyí, F kì í ṣe omi tí ẹ ń dà sínú ilé mọ́. Ó ti di ẹ̀rí tí àwọn píksẹ̀lì etí ń jẹ́, àárín sì ń gba ìpíndọ́gba ẹ̀rí wọn. Kékeré àti ńlá á dọ́gba. Ìyàtọ̀ díẹ̀ tó lè kù á wá láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, níbi tí DoG ti máa ń dáhùn jù, torí igun pọ̀ lára kékeré ju ti ńlá lọ ní ìfiwéra pẹ̀lú gígùn odi.

Koríko ò nílò ìwọ̀n ìgékúrò. Bí ewé kan ṣe lágbára tó kò yàtọ̀ sí bí etí gidi ṣe lágbára tó, iye kan ṣoṣo ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó yà wọ́n ni àyíká: etí gidi sábà máa ń dá dúró, ewé koríko wà láàárín ewé. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì V1 ń mọ èyí, torí ohun tó wà ní òde ibi tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣọ́ ń tẹ ìdáhùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Grigorescu, Petkov àti Westenberg kọ ọ́ sí ìṣirò ní 2003. Ẹ ṣe òrùka w: Gaussian 4σ, kí ẹ yọ Gaussian σ kúrò, kí ẹ sọ ohun tó bá jẹ́ òdì di 0, kí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1. Ẹ sẹ́ E pẹ̀lú w, kí ẹ wá ṣe max(E − α·wE, 0), α = 1. Èyí gbọ́dọ̀ ṣáájú sísọ odi di tinrin, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀; lórí odi píksẹ̀lì kan, òrùka ò ní rí ohun tó tó láti tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: etí gígùn tún wà nínú òrùka ara rẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀, nítorí náà ó ń tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Etí tí kò lágbára lè kú pátápátá báyìí. Ẹ gé òrùka náà níbi tí etí ń gbà lọ, bíi 30° ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó ku apá méjì tó wà ní ọ̀tún àti òsì bí ìyẹ́ labalábá. Ó ń gba ìṣirò púpọ̀ sí i, torí igun kọ̀ọ̀kan á ní òrùka tirẹ̀, àmọ́ ó tọ́ sí i.

Ti ihò odi. Ihò píksẹ̀lì kan ṣoṣo, pẹ̀lú ε = 100,000, ń jò ju gbogbo odi 480 tó kù lọ ní ìlọ́po tó lé ní ọgọ́rùn-ún méjì. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Field, Hayes àti Hess fi hàn ní 1993 pé ojú ènìyàn ń so ìlà wẹ́wẹ́ pọ̀ tí wọ́n bá tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlà tó tẹ̀ wẹ́ẹ́. Nínú àwòṣe, fún píksẹ̀lì àti igun kọ̀ọ̀kan, ẹ kó E iwájú jọ, ẹ kó E ẹ̀yìn jọ, kí ẹ wá ṣe √(iwájú × ẹ̀yìn). Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ má rò wọ́n pọ̀. Tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, ìlà tó ti parí á máa gùn síwájú nínú òfìfo. Tí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, ó di dandan kí ẹ̀rí wà ní ìhà méjèèjì, ihò nìkan ló máa dí. Irú sẹ́ẹ̀lì tó ń dáhùn sí ìlà tí kò sí níbẹ̀ ní ti gidi ni von der Heydt, Peterhans àti Baumgartner rí nínú V2 (apá ọpọlọ tó tẹ̀ lé V1) ọ̀bọ ní 1984.

OnígunMéjìlá

Iṣẹ́ dáadáa ni èyí. Àmọ́ ó yẹ kí ÌlàTóGùn mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn gbà. Ẹ gbé ìtànjẹ ojú White ti 1979 síwájú àwòṣe yín. Ìlà dúdú àti funfun ń tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ gé apá kan ìlà dúdú, kí ẹ fi àwọ̀ eérú sí i. Eérú yẹn fi ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ kan funfun, ó fi ẹ̀gbẹ́ kúkúrú kan dúdú. DoG á sọ pé funfun ló pọ̀ jù láyìíká rẹ̀, nítorí náà kó ṣókùnkùn. Ojú wa ń rí i pé ó mọ́lẹ̀ sí i. Bí ẹ ṣe wù kí ẹ kún ilẹ̀ yẹn dára tó, ẹ̀rí òdì ni ẹ fi kún un.

ODOG, àwòṣe Blakeslee àti McCourt ti 1999, gba ìdáhùn tó tọ́ láìtan ohunkóhun ká: asẹ́ onígun ní igun 6 àti ìwọ̀n 7, tí a kó gbogbo ìwọ̀n jọ fún igun kọ̀ọ̀kan, tí a sì fi agbára ìpíndọ́gba igun náà pín in kí a tó rò wọ́n pọ̀. Pípín yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ náà: igun tí ìlà gígùn ti gbilẹ̀ ń di kékeré, ti ẹ̀gbẹ́ kúkúrú sì ń rí àyè sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́tíV2

Mo gbà, àléébù gidi ni, mo sì gba àtúnṣe AládùúgbòMẹ́rin náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé White lé ìkúnlẹ̀ dànù. Ohun tó lé dànù ni F tó ń bọ̀ láti DoG olóbìírí. Ẹ lè gba F láti inú asẹ́ onígun tí a ti pín, kí ẹ wá tàn án ká. Ìdí tí mo fi di ìtànká mú ni iṣẹ́ Paradiso àti Nakayama, 1991: wọ́n fi àwo ìmọ́lẹ̀ kan han ènìyàn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fi òrùka kékeré bò ó lẹ́yìn ìwọ̀nba ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú òrùka náà ṣókùnkùn, òde rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti etí kan odi tuntun lójú ọ̀nà. Àwòṣe tó jẹ́ asẹ́ nìkan, tí kò ní àkókò nínú, ò ní ibi tó máa fi èyí sí.

ÌlàTóGùn, ẹ fi ìtànjẹ ojú Craik-O'Brien-Cornsweet dán tiyín wò kí ẹ tó lọ sí àwòrán gidi. Onígun mẹ́rin gígùn kan, 160 × 80, ìmọ́lẹ̀ 0.5, lórí ilẹ̀ 0.3. Ní àárín rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìhà òsì gòkè díẹ̀díẹ̀ dé 0.55 láàárín píksẹ̀lì 40, kó já wálẹ̀ lójijì sí 0.45, kó sì tún gòkè díẹ̀díẹ̀ padà sí 0.5 láàárín 40 mìíràn. Ọ̀nà òkè náà (ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀) gbọ́dọ̀ gùn ju σ ńlá ti DoG lọ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, DoG á rí òun náà. Àwòṣe yẹ kó sọ pé gbogbo ìhà òsì mọ́lẹ̀ ju ọ̀tún lọ, àní ní ibi tí méjèèjì ti jẹ́ 0.5. Pẹ̀lú C, ìyàtọ̀ náà ò ní tó ti etí gidi, nítorí odi òde ń jẹ́ ẹ̀rí kan náà fún ìhà méjèèjì. Bó ṣe rí lójú ènìyàn náà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ B àárín di 0, kí ẹ má fọwọ́ kan F, kí ẹ tún un ṣírò. Ìyàtọ̀ tó wà jìnnà sí àárín gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, torí F rere àti F òdì á pàdé, wọ́n á pa ara wọn. Tí ìyàtọ̀ náà bá dúró digbí láìsí odi, ọ̀nà òkè yẹn ni DoG yín ń rí, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ló ṣe é. Ẹ fà á gùn dé píksẹ̀lì 60, kí ẹ tún wò ó.